Aláìsàn Kò Tẹ̀lé Ìtọ́ni

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni onímọ̀ oúnjẹ kọ sínú fáìlì káfíńtà náà, kò sì tètè pa á dé: Aláìsàn kò tẹ̀lé ìtọ́ni.

“Èmi?” ni káfíńtà wí nígbà tó kà á.

“Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí pòtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ yín ń lọ sókè. Kídìnrín yín kò lágbára láti lé e jáde mọ́. Bó bá pọ̀ ju báyìí lọ, ó lè dá ọkàn yín dúró. Nǹkan kan wà tí ẹ ń jẹ tí ẹ ò kọ sílẹ̀.”

Káfíńtà gbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lé orí tábìlì. Oṣù mẹ́ta ló fi gbé gbogbo òkèlè lé òṣùwọ̀n kí ó tó jẹ ẹ́. Kò fẹnu kan ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò fẹnu kan ọsàn. Ọkùnrin tí kì í gé pákó láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ń pè ní òpùrọ́.

“Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́, sà.”

“Èmi ni mo wá ń purọ́?”

Obìnrin onímọ̀ oúnjẹ náà ti ìwé àkọsílẹ̀ náà padà sí i. Ó ní bí àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò bá wálẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló kù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìtumọ̀ ìyẹn kò ṣòro: ṣọ́ọ̀bù yóò di títì.

Inú tó ń bí i kò jẹ́ kí ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ilé ló gbà lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà nídìí iná. Òun ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, òun náà ló sì tún wá ń sè fún un látìgbà tí àìsàn ti dé. Ó ti gé ọ̀dùnkún wẹ́wẹ́, ó ti fi omi púpọ̀ bọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ìwé ilé ìwòsàn ṣe wí. Ó sẹ́ omi rẹ̀ sínú abọ́. Lẹ́yìn náà ni káfíńtà rí i tó da omi abọ́ náà sínú ìkòkò ọbẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń ṣe yẹn?”

“Ọbẹ̀ rẹ ni.”

“Omi yẹn ńkọ́?”

“Kí ló ṣe omi? Wọ́n ní kí n bọ̀ ọ́, kí n sẹ́ omi rẹ̀. Mo sẹ́ ẹ. Gbogbo oore ọ̀dùnkún ló ti bọ́ sínú ẹ̀. Ìwọ tí o ti rù kan eegun, kí n wá da agbára rẹ nù?”

“Láti ìgbà wo?”

“Ojoojúmọ́ ni.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń retí ìyìn.

Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Káfíńtà gba ìkòkò, ó da ọbẹ̀ nù.

“Ohun tó ń pa mí ló wà nínú omi yẹn!”

Kò tíì pariwo mọ́ ọn rí láyé rẹ̀. Obìnrin náà rọra gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀.

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?”

Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ìwé kò sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ju pé kí wọ́n sẹ́ omi.

“Mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n wí, ó sì wé gèlè.

Kò kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì onímọ̀ oúnjẹ kí ó tó wọlé. “Ìwọ lo pe àbúrò mi ní òpùrọ́?”

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó—”

“Mi ò wá jókòó. Ṣé o rò pé òun ló ń dáná ni? Ẹni tí ò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara ẹ̀!”

Ó sọ ọ̀rọ̀ omi náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú onímọ̀ oúnjẹ yí padà.

“Inú omi yẹn gan-an ni pòtásíọ̀mù ń jáde sí. Mi ò bèèrè ẹni tó ń sè é,” ni ó wí, ó sì fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú fáìlì náà.

“Ìlà kò tó,” ni káfíńtà wí. “Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ò bèèrè.”

Ó kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá.

“Kí ló kọ?” ni ẹ̀gbọ́n bèèrè, nítorí kò mọ̀wé. Káfíńtà kà á fún un.

“Ó ku tèmi,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Kọ ọ́ pé èmi ni mo ń da omi yẹn sọ́bẹ̀ ẹ̀.”

Onímọ̀ oúnjẹ gbé bírò sókè, ó wo káfíńtà. Káfíńtà kò sọ pé kí ó má kọ ọ́.