Àwọn Ọ̀pá Etí Odò

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà obìnrin aránṣọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Òfin, ẹ ju ọ̀rá sílẹ̀ létí odò. Láàárín ọ̀sẹ̀, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa ń wà, ẹ̀rọ á máa sáré, ẹnu òun náà á máa sáré. Ṣùgbọ́n tó bá ti di àárọ̀ Sátidé, á wọ bàtà òjò, á kó ìbọ̀wọ́ sápò, ó di etí odò. Òun àti àwọn bíi mélòó kan tó fẹ́ràn ibẹ̀ ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn láti máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ń ṣán koríko ojú ọ̀nà, wọ́n ń ṣa pàǹtí. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n níṣẹ́.

Òfin kan ló ju gbogbo òfin lọ lọ́dọ̀ wọn: ohunkóhun tí ọwọ́ ènìyàn bá gbé wá síbẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀. Ìdérí ìgò, okùn, àga tó kán, títí kan òdòdó tí àwọn olólùfẹ́ so mọ́ igi, inú àpò ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ìyá Òfin ló gbé òfin náà kalẹ̀, òun náà ló sì fi gba ipò olórí lọ́wọ́ Bàbá Káfíńtà. Bàbá yìí ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Lónìí á kan bẹ́ǹṣì, lọ́la á kan ilé ẹyẹ, lọ́túnla á so àkísà mọ́ ẹ̀ka igi, á ní kí àwọn ọmọdé lè mọ ibi tí ìtẹ́ wà. Ìyá Òfin bi wọ́n nípàdé pé ṣé wọ́n fẹ́ sọ etí odò di ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dìbò, bàbá gbé ipò sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ìkíni àárín àwọn méjèèjì kò ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ.

Ní Sátidé tí à ń wí yìí, òjò ti rọ̀ rọ̀ rọ̀, odò ti kún dé gbòǹgbò igi, kó tó di pé ó ṣàdéédé fà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ó yẹ kínú èèyàn dùn sí i. Ṣùgbọ́n nǹkan kò rí bó ṣe máa ń rí. Omi tó kù pọ́n, ó ń lọ láìdún. Àwọn ẹyẹ tó máa ń pariwo lórí igi bèbè kò sí níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan á já bọ́ sómi, pọ̀lọ̀, bí wọ́n bá sì yíjú wò, wọn ò ní rí nǹkan kan.

"Ọ̀pọ̀lọ́ ni," ọ̀kan nínú wọn wí.

"Ọ̀pọ̀lọ́ wo ló tóbi tó yẹn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wọn.

Ìyá Òfin kò fi ṣe ọ̀rọ̀, nítorí inú rẹ̀ ń dùn. Àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé e wá lọ́jọ́ náà. Onídìrí ni àbúrò yìí, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, òun nìkan sì ni ẹbí tó kù fún un láyé. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú ni ẹ̀gbọ́n ti ń tọ́ ọ, ó sì gbàgbé láti ṣíwọ́. Ó ń pàṣẹ ohun tó máa jẹ, ẹni tó máa bá rìn, ìgbà tó máa sùn. Ọmọ dàgbà, ó di obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín kọ etí ikún síni.

"Àǹtí, ṣé ẹ ò ní fi òfin pa mí níbẹ̀?" ó bèèrè bí wọ́n ṣe ń lọ.

"Ìwọ wá ná. Tó o bá débẹ̀, wàá dúpẹ́."

Nígbà tí iṣẹ́ wọra, Ìyá Òfin nìkan ló ṣáájú dé kọ̀rọ̀ odò, níbi tí koríko ti tẹ́ rẹrẹ tí bèbè sì yọ sórí omi. Kò síbi tó rẹwà tó o ní gbogbo odò náà. Ibẹ̀ ló ti bá àwọn ọ̀pá tuntun tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, àkísà pupa lórí ìkọ̀ọ̀kan. Ó mọ ẹni tó ṣe é. Kò sẹ́lòmíì tó ń gbẹ́ ẹnu ọ̀pá mú tó bẹ́ẹ̀.

"Ó tún ti dé! A ní kò gbọdọ̀, ó lóun gbọdọ̀!"

Ọkàn kan ní kó pe bàbá kó bi í. Ọkàn kejì ní tó bá pè é, bàbá á rò pé ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ òun. Ti ọkàn kejì ló gbọ́. Ó fà wọ́n tu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kán wọn lórí orúnkún, ó sọ wọ́n sápò. Nígbà tó fa èyí tó kẹ́yìn, ilẹ̀ mì díẹ̀ lábẹ́ bàtà rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn tẹ ibùsùn. Ó ní òjò ló mú ilẹ̀ rọ̀, ó gbé àpò rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ń kó pàǹtí jọ sí.

Bó ṣe ń sọ àpò kalẹ̀ ni fóònù rẹ̀ dún. Bàbá Káfíńtà ni, ohùn rẹ̀ ti ha.

"Ìyá Òfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Wọ́n ní ara yín ò yá."

"Ibà ló gbé mi ṣánlẹ̀ lánàá. Mo ní kí n pè yín lálẹ́, oorun gbé mi lọ. Àwọn ọ̀pá tí mo rì sí kọ̀rọ̀ odò, ṣé ẹ ti rí wọn?"

Ìyá Òfin bojú wo àpò tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Nígbà tí omi fà, mo wa ọkọ̀ kọjá nísàlẹ̀ ibẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo pátápátá. Omi ti jẹ gbogbo ẹ̀ tán, gbòǹgbò koríko nìkan ló gbá a mú. Ẹni tó bá wà lókè ò lè mọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ nǹkan àgbéwá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀ títí tí ilẹ̀ á fi ya. Kò ní pẹ́ ya."

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ìyá Òfin wojú àwọn tó ń ṣa pàǹtí, kò rí ẹni tó ń wá.

"Àbúrò mi dà?"

"Ó ló ti rẹ òun," ọ̀kan dáhùn. "Ó lọ sinmi níbi koríko yẹn. Ibẹ̀ wù ú gan-an ni."

Ìyá Òfin sáré, fóònù lọ́wọ́. Nígbà tó débẹ̀, àbúrò rẹ̀ ti bọ́ bàtà, ó jókòó sí góńgó bèbè, ó ń mi ẹsẹ̀ lórí omi. Ní àárín àwọn méjèèjì, ihò ọ̀pá wà lẹ́sẹẹsẹ. Ilẹ̀ ti sán láti inú ihò kan dé èkejì, sísán náà kò sì sí níbẹ̀ nígbà tó ń fa ọ̀pá tu. Ó dúró gbagidi. Bí òun náà bá gbẹ́sẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì ló ń lọ.

"Dìde níbẹ̀! Kíá! Máa bọ̀!"

Àbúrò rẹ̀ kò tilẹ̀ yíjú. "Jíjókòó náà ti di ẹ̀ṣẹ̀? Òfin kelòó nìyẹn?"

"Mi ò bá ẹ ṣeré! Ilẹ̀ yẹn máa ya!"

"Lánàá, ẹ ní tí n bá jẹun alẹ́, inú mi á bẹ́. Láàárọ̀ yìí, ẹ ní tí mi ò bá dé fìlà, oòrùn á pa mí, oòrùn tí ò ràn. Àǹtí, ẹ jẹ́ n sinmi, ẹ jọ̀ọ́."

Erùpẹ̀ já bọ́ sómi lábẹ́ rẹ̀, pọ̀lọ̀. Ó wolẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó tún ń mi ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rù tó ba Ìyá Òfin kò ṣeé sọ. Gbogbo ariwo tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló ti ná tán sórí oúnjẹ alẹ́ àti fìlà. Nígbà tí ikú wá dé ní tòótọ́, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó ṣẹ́kù. Ó kúnlẹ̀. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ lẹ́yìn àbúrò rẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo bẹ̀ ẹ́," ó wí jẹ́jẹ́. "Mo fi orúkọ ìyá wa bẹ̀ ẹ́."

Ohùn yẹn ṣàjèjì. Àbúrò yíjú, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu rẹ̀. Ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á kúnlẹ̀ fún láyé, tí ara á gbà á?

"Ha! Àǹtí! Ẹ dìde! Ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

Ó fò dìde, ó sáré láti gbé e ńlẹ̀. Ó ré ojú sísán náà kọjá, ọwọ́ rẹ̀ ba èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì lọ. Ariwo rẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀. Koríko ká wọlé bí ẹní, igi kan rọra tẹ̀lé e, bàtà náà lọ. Omi pọ́n sí i, ó padé, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n ṣubú lura wọn, wọ́n sì fà sẹ́yìn. Àbúrò di apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú gírígírí.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń tọ́jú ibẹ̀," ó wí nígbà tí èémí rẹ̀ padà, "kò sẹ́nikẹ́ni tó lè fi àmì síbẹ̀?"

Nínú koríko tí fóònù bọ́ sí, ohùn bàbá ń jáde fẹ́ẹ́rẹ́. "Ìyá Òfin? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ṣé àwọn ọ̀pá yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

"Ọ̀pá wo?" àbúrò bèèrè.

Ìyá Òfin lè parọ́. Àwọn tó kù kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Àmì wà níbẹ̀," ó wí. "Èmi ni mo fà á tu."

Àbúrò rẹ̀ tú ọwọ́ kúrò lápá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dìde, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ sílé.