Àyè Tí Ọmọ Fi Sílẹ̀ fún Bàbá

"Àyè kan péré ló kù," akọ̀wé ẹnu ọ̀nà bàálù wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Òṣìṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìntì, ẹ ṣì fẹ̀yìn ti ògiri yẹn ná."

Àwọn tó ń dúró rẹ́rìn-ín. Baba Táyà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Táyà bàálù iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú yìí ló fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ pààrọ̀, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ṣì lè wọ bàálù lọ́fẹ̀ẹ́, bí àyè bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn àwọn tó sanwó àti àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Láti àárọ̀ ni àyè kò ti kàn án. Ìyàwó rẹ̀ sì wà ní ilé ìwòsàn ní ìlú kejì, èémí rẹ̀ ń kúrú lọ.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń kó ẹrù sínú bàálù, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu iṣẹ́ wá bá a. Òun ni àyè náà kàn.

"Bàbá, ẹ̀yin ni Màámi ń béèrè. Ẹ máa lọ."

"Dákẹ́. Lọ bá ìyá rẹ. Kó ṣáà rí ojú ẹnì kan nínú wa."

"Kí n wá sọ fún Màámi pé mo gba àyè mọ́ yín lọ́wọ́?"

Ọmọ náà ti dé iwájú tábìlì akọ̀wé. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yọ orúkọ mi. Mo fi àyè mi sílẹ̀ fún bàbá mi."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀!" Baba Táyà fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò tètè dá a lóhùn.

Akọ̀wé ti tẹ kọ̀ǹpútà. Ó pe ẹni tó kàn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì dìde, ó ti awò ojú oòrùn sórí irun.

"Bàbá mi ni mo fún!"

"Ta ló ní kó o máa fúnni?" akọ̀wé dá a lóhùn. "Bí òṣìṣẹ́ bá yẹra, òṣìṣẹ́ tó tẹ̀lé e ló ń wọlé. Bàálù kì í ṣe ogún ìdílé yín. Ìwọ náà ti di ẹni ìkẹyìn báyìí."

Ọmọ náà yíjú sí ọ̀dọ́mọbìnrin náà. "Àǹtí, ẹ dákun, ìyá mi ń kú lọ."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ mi lèmi ń lọ. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ẹni tí ìyá ẹ̀ ń ṣàìsàn la ó máa yàgò fún, ta ni yóò wọ bàálù?" Ó kọjá lọ, bàtà rẹ̀ ń dún kò, kò, kò.

"Ẹ mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyí?" ọmọ náà béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

"Mo ti rí i rí. Òṣìṣẹ́ kan fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Gbogbo wa la fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú."

Lẹ́yìn gíláàsì, bàálù ń yí lọ lórí táyà rẹ̀. Fóònù dún. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni, láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n la ojú o. Wọ́n ní ṣé ẹ ti wọ bàálù?"

Ọmọ náà fi ọwọ́ bojú. Baba Táyà ń wo bàálù náà títí ó fi gbéra nílẹ̀.

"A ti wọ̀ ọ́," ó wí. "Àwa méjèèjì. Sọ fún un pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo jókòó sí."