Òróró Àdúrà Nínú Bíréèkì Ebenésérì

Ebenésérì ni Kíkẹ́lọmọ àti ọkọ rẹ̀, Morákinyọ̀, sọ mọ́tò wọn, nítorí pé títí dé ibi tó dé yìí, Olúwa ló ń ràn án lọ́wọ́. Mọ́tò náà ló gbé Tiwalọlá, ọmọ wọn, wálé nígbà tí wọ́n bí i. Tiwalọlá náà ti wá bímọ báyìí ní ilé ìwòsàn ní Bantama, Morákinyọ̀ sì ti fọwọ́ sọ̀yà pé Ebenésérì kan náà ni yóò gbé ọmọ-ọmọ òun wá sí ilé wọn ní Tafo lọ́sàn-án òní.

Àfi bó ṣe tẹ bíréèkì láàárọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rì bí ẹni tó tẹ ẹrẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí mọ́tò fi imú gbá ògiri.

"Ẹ jẹ́ ká pe takisí," ni Kíkẹ́lọmọ wí.

"Takisí kẹ̀? Kí ọmọ mi wọlé bí àlejò?"

Wọ́n ti mọ́tò náà dé ọ̀dọ̀ Rahim, fítà tó ń tún mọ́tò ṣe, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí àdúgbò Alabar, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ilé wọn. Rahim ṣí ìdérí ike òìlì bíréèkì, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ẹni tó da òróró olífì síbí, ṣé ẹja ló fẹ́ dín ni?"

Kíkẹ́lọmọ mọ ẹni náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ó ti fi òróró àdúrà kan gbogbo táyà, ó fi kan sítíárín. Nígbà tó wá rí i pé òìlì inú ike náà ti lọ sílẹ̀, ó fi ìgbàgbọ́ bu òróró kún un.

"Èmi ni o," ó wí wẹ́rẹ́. "Mo ní kí Olúwa fọwọ́ ara rẹ̀ di bíréèkì wa mú."

Morákinyọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Tiwa! O fòróró yan bíréèkì bí ọba!"

"Màmá, àdúrà yín gbà, ògiri kò wó," ni Rahim wí. "Ṣùgbọ́n òróró máa ń mú kí rọ́bà inú bíréèkì wú bí ẹ̀wà inú omi. Ká pààrọ̀ rọ́bà, ká fọ gbogbo ọ̀nà rẹ̀. Tó bá fi máa di ìrun Àílà, ó ti parí, in shaa Allah."

Morákinyọ̀ sáré lọ ra òìlì, èyí tó wọ́n jù lọ ló gbé dé. Rahim mi orí.

"Bàbá, DOT 5 nìyí, kò bá mọ́tò yìí mu. DOT 3 ni wọ́n kọ sórí ìdérí, DOT 4 náà lè wọ̀ ọ́. Kì í ṣe aṣọ ìkómọ, pé èyí tó wọ́n ló dára."

"Ààbọ̀ ìgò DOT 3 kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi."

"Èyí tẹ́ ẹ ti ṣí tipẹ́? Ó ti mu omi inú afẹ́fẹ́ yó. Èyí tí wọn ò tíì ṣí ni ká lò."

Nígbà tí Morákinyọ̀ ti ra DOT 3 tuntun dé, tí rọ́bà tuntun sì ti wọlé tán, Kíkẹ́lọmọ jókòó sídìí sítíárín, Rahim wọ abẹ́ mọ́tò lọ láti tú afẹ́fẹ́ inú ọ̀nà òìlì jáde.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́!"

"Mo tẹ̀ ẹ́!"

"Ẹ mú un síbẹ̀! Ó yá, ẹ gbé ẹsẹ̀!"

Kò pẹ́ tí Kíkẹ́lọmọ fi sọ ìdáhùn náà di orin, bí ìgbà tí wọ́n ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Rahim, mùsùlùmí gidi, sì ń gbè é láti abẹ́ táyà. Ìfóófòó tú jáde, òìlì mímọ́ tẹ̀ lé e, bíréèkì sì le gírígírí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Halelúyà!" ni Kíkẹ́lọmọ ké.

"Alhamdulillahi!" ni abẹ́ mọ́tò dáhùn.

Lọ́sàn-án, bí wọ́n ti ń bọ̀ láti Bantama, trotro kan, bọ́ọ̀sì akérò, dúró lójijì níwájú wọn. Morákinyọ̀ tẹ bíréèkì. Ebenésérì dúró jẹ́jẹ́, ọmọ tó wà láyà Kíkẹ́lọmọ kò tilẹ̀ lajú. Tiwalọlá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá rẹ̀ sì yọ ìgò òróró nínú báàgì.

"Ìyá Tiwa," ni ọkọ rẹ̀ wí, ojú rẹ̀ nínú dígí, "níbo lo tún fẹ́ dà á sí?"

"Ibi tí Rahim ò ti ní gbóòórùn rẹ̀," ó wí, ó sì kán díẹ̀ sí iwájú orí ọmọ náà.