Ọkọ̀ Kánífà Tí Wilgens Gùn

“Bí wọn kò bá tú Anélus sílẹ̀, n kò ní gun ọkọ̀ kánífà lọ́dún yìí. Mo fi ìyá mi búra.”

Ọ̀gá wa Wilgens, olórin tí gbogbo Port-au-Prince, olú ìlú wa, mọ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò. Anélus, ọmọ ẹgbẹ́ wa, ló kọ orin tí a fi bú ààrẹ kí kánífà tó dé, òun nìkan ni wọ́n sì tì mọ́lé. Èmi ni mo ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ náà.

Lọ́jọ́ kánífà, mo bá Wilgens lórí ọkọ̀ ńlá tí àwọn olórin fi ń kọrin yí ìgboro ká, àwòrán Anélus gàdàgbà láyà ẹ̀wù rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ búra?”

“Nadège, ìwé yunifásítì ti dà ẹ́ lórí rú. Ojú ààrẹ gan-an la ti máa kọ orin Anélus! Ta ló tún láyà tó bẹ́ẹ̀?”

“Ààrẹ á kàn jó ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Kó jó! Ayé ṣáà ń wò mí.”

Àṣà wa ni pé lọ́jọ́ kánífà, kí ẹgbẹ́ olórin kọ̀ọ̀kan dúró níwájú àgọ́ ààrẹ, kí ó sì bú u. Ààrẹ a máa jó sí èébú náà, kí a lè rí i pé inú rẹ̀ tutù. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè jó sí ni ọkọ̀ tí kò sí olórin lórí rẹ̀.

Mo tú wáyà gìtá mi, mo sọ̀kalẹ̀, mo sì lọ bá ìyá Anélus lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ojoojúmọ́ la ń lọ báyìí, a kò sì ní ṣíwọ́.

Wọn kò tíì tú Anélus sílẹ̀. Wilgens gun ọkọ̀ náà, ó sì kọrin.