Orísun Kẹtàdínlógún

Bíìrò pupa Ọ̀mọ̀wé Zakiyyah dúró lórí orísun kẹtàdínlógún nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan: Ọláṣùpọ̀ Àmúdà, Kuta. Ó tún tẹ àdírẹ́sì ìkànnì tó wà níwájú orúkọ náà sórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Èsì kan náà ló jáde: ojú ewé yìí kò sí.

"Abdulhafeez, níbo lo ti rí i?"

Akẹ́kọ̀ọ́ náà, tó ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀ lórí orúkọ iṣu lágbègbè Ìwó, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀ ni. "Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, mà. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí mo kà á."

"Ọjọ́ wo lo kà á?"

Kò kọ ọjọ́ sílẹ̀, kò sì tọ́jú ẹ̀dà kankan.

Zakiyyah tẹjú mọ́ ọn. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá ti ń bá àwọn ọmọ kọ̀wé ló ti ń rí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí, tòun ti orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún. Gbólóhùn tí eléyìí fà yọ tiẹ̀ tún dùn jù: "Obìnrin ló gbin iṣu yìí, ọkùnrin ló sọ ọ́ lórúkọ." Ta ló ń jókòó sí Kuta tó ń kọ irú èyí?

"Tí mo bá rí i pé irọ́ ni, o ò ní bá wọn jáde lọ́dún yìí."

"Mo gbọ́, mà."

Lọ́sàn-án, Zakiyyah wọkọ̀ lọ sí Kuta, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́kadà àkọ́kọ́ tó bi kò tiẹ̀ ronú. "Ilé Tíṣà? Ẹ gùn ún ká lọ, mà."

Bàbá arúgbó kan ló bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò tíì kúnlẹ̀. Nígbà tó sọ ohun tó bá wá, bàbá wọlé, wọ́n mú ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ti gbó létí jáde.

"Àbúrò mi ló ń bá mi gbé e sórí ẹ̀rọ. Ìgbà tó kú, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Wọ́n ní ojú ewé náà ti pa rẹ́."

Gbólóhùn náà wà lójú ewé kẹrin. Ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kà á?" bàbá béèrè.

"Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni, sà. Ó kọ orúkọ yín sínú iṣẹ́ rẹ̀."

"Orúkọ tèmi?" Bàbá fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo rò pé ẹnikẹ́ni ò kà á ni."

Zakiyyah pe Abdulhafeez níbẹ̀. "Máa bọ̀ ní Kuta lọ́la. Ìwé àfọwọ́kọ wọn ni kó o tọ́ka sí."

Nínú ọkọ̀ tó ń padà sí Ìwó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kan wá sí i lọ́kàn, àwọn tó fìdí rẹmi lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá nítorí irú orísun báyìí. Kò wọkọ̀ lọ síbì kankan nígbà yẹn. Ó gbìyànjú láti rántí orúkọ wọn.

Orúkọ Hikmat nìkan ló rántí.