Òkú Kì Í Ṣe Àmín

Ẹnu mi ló kó bá mi, mi ò ní purọ́. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ fún Fadérera pé ó dìgbà tí mo bá kú kí ó tó ṣe tíátà. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé pósí wọ pálọ̀ mi ní ọ̀sán gangan, tí wọ́n ní kí n bọ́ sínú rẹ̀ kí ọmọ náà lè ráyè ṣe eré, mi ò rí ẹni tí mo máa bá jà. Mo kàn bi wọ́n bóyá kí n bọ́ bàtà.

Ọmọ Dọ̀tun ni Fadérera, Dọ̀tun sì ni ọmọkùnrin mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọbìnrin yìí. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti já ọmú lẹ́nu rẹ̀, láti ìgbà náà ló sì ti ń ṣe tíátà. Á ti ara rẹ̀ mọ́ báàlùwẹ̀, á máa sunkún ọkọ tí kò ní, á máa bá orogún tí kò sí jà. Èmi á dúró síta, mà á máa gbá ilẹ̀kùn pé kí ó jáde, ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí. Nígbà tó yá, àwọn onífíìmù kọ lẹ́tà sí i pé kí ó wá ṣe ìdánwò. Ó gbé lẹ́tà náà wá, ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Nínú ilé tèmi, ọmọ kì í rin ìrìn àjò àfi bí mo bá kọ́kọ́ ní "lọ ire, bọ̀ ire". Ohun tó ń dúró gbà lẹ́nu mi nìyẹn. Èmi wá ní ó dìgbà tí mo bá kú.

Dàrẹ́kítọ̀ ló ṣáájú àwọn tó gbé pósí wá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó pọn àga sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ. Bó bá fẹ́ jókòó, á kàn rọra fì sẹ́yìn. Ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tí kò sí aago níbẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, Màmá. A gbọ́ pé ẹ ní ó dìgbà tí ẹ bá kú. A ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ rárá."

"Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni?"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Òótọ́ ni. Mo bọ́ bàtà.

Bàbá Dọ̀tun, ọkọ mi, ló kan pósí náà. Iṣẹ́ káfíńtà ló ṣe títí ó fi kú, ọdún mọ́kàndínlógún rèé. Ó wọlé, ó fi pẹ́ńsùlù há etí, èérún pákó wà nínú irun rẹ̀. Kò kí mi. Ó wo ìdí mi, ó wo pósí, ó tún wo ìdí mi.

"Kò ní gbà á," ó ní.

"Kí ni kò ní gba kí ni?"

"Ìwọ̀n ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni mo lò. Wúràọlá, kí lo ń jẹ?"

"Ọ̀fọ̀ yín ni mo ń jẹ," mo dá a lóhùn. "Ó lọ́ràá."

Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kan tì mí wọlé. Apá kan ìdí mi gbà, apá kejì kọ̀. Bàbá Dọ̀tun wá fi orúnkún tẹ̀ mí, bí ìgbà tí ènìyàn ń pa àpótí aṣọ tó kún jù dé, mo sì wọlé. Pósí náà kérora.

"Ẹ rọra o," ó ní. "Pósí eré ni mí. Mo ti gbé òkú mọ́kànlá, kò sí èyí tó rí báyìí nínú wọn."

Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, pálọ̀ mi ti fẹ̀. Ògiri ti sún sẹ́yìn, ó ti lọ kọjá ibi tí mo ń sá aṣọ sí, àwọn àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi sì ń fì lórí okùn nínú ilé, lójú gbogbo ènìyàn. Ọmọbìnrin kan jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń jẹ ẹ̀pà sísun, ó ń da èèpo rẹ̀ sílẹ̀. Dàrẹ́kítọ̀ ní ọmọ yẹn ni wọ́n máa mú bí Fadérera kò bá yege. Ọmọ náà juwọ́ sí mi. Èmi náà juwọ́ sí i, nítorí mo ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ewúrẹ́ dúdú kan ni kámẹ́rà wọn. Ojú kan ṣoṣo ló ní, ojú náà sì wà ní agbedeméjì iwájú orí rẹ̀. Ohunkóhun tó bá wò, á jẹ ẹ́, inú ikùn rẹ̀ ni wọ́n sì ń tọ́jú fíìmù sí. Mo mọ ewúrẹ́ náà. Èmi ni mo pa á ní ọdún Kérésì tó kọjá. Òun náà mọ̀ mí. A ò kí ara wa.

"Ó ku ẹnu mẹ́ta kí ó yó," dàrẹ́kítọ̀ ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹta péré la lè ṣe é. Bí ẹ̀kẹta bá bàjẹ́, Fadérera ti fìdí rẹmi nìyẹn. Òun ni ọmọ tí ìyá àgbà rẹ̀ kú. Yóò dúró ti òkú, yóò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin, Màmá, iṣẹ́ tiyín ni pé kí ẹ má ṣe nǹkan kan."

"Ìyẹn á le o," ni Bàbá Dọ̀tun wí láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Fadérera jáde láti báàlùwẹ̀ nínú aṣọ dúdú. Mo rí i dáadáa, nítorí ojú díẹ̀ ni mo dì. Ó wá, ó gbé ọwọ́ lé mi níwájú orí. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Ìyá àgbà, ẹ ti lọ," ó ní. "Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere."

"Àmín!" ni mo ké.

"Ẹ dúró!" Dàrẹ́kítọ̀ fò sókè pẹ̀lú àga lẹ́yìn rẹ̀. Ewúrẹ́ ti gbé e mì. "Màmá! Òkú kì í ṣe àmín!"

"Àdúrà ni ọmọ gbà."

"Àdúrà eré ni!"

"Èwo ló ń jẹ́ àdúrà eré? Ọlọ́run tó ń gbọ́ ti eré, ṣé ibòmíràn ni ilé tirẹ̀ wà? Wọ́n gbàdúrà lé mi lórí, kí n wá dákẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀?"

Pósí ní ẹni tó bá gbà láti ṣe òkú, kí ó ṣe òkú. Bàbá Dọ̀tun mi orí. Ọmọ orí kọ́bọ́ọ̀dù ju èèpo ẹ̀pà, ó bọ́ lé mi láyà.

Mo ká etí gèlè mi, mo fi dí ẹnu, mo sì fi eyín dì í mú. Inú ń bí mi gan-an. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí n wá kú ní ọ̀sán, ọbẹ̀ mi sì wà lórí iná. Mo ń gbọ́ ọbẹ̀ náà láti ilé ìdáná, ó ń pe orúkọ mi pé òun ti ń jóná o, ṣé kò sí ènìyàn nílé ni.

Ilẹ̀ pálọ̀ ti di koríko. Fadérera dúró lórí rẹ̀ láìwọ bàtà, ó ní òun ò ní gbàdúrà mọ́, oríkì ni òun máa fi kí òkú òun. Mi ò kọ́ ọ ní oríkì rí. Tirẹ̀ ni mo máa ń kì láàárọ̀ bí mo bá fẹ́ kí ó lọ pọnmi. Ó la ẹnu:

"Wúràọlá, a-rẹ́rìn-ín-jí-aládùúgbò. A-bọ́mọ-jà-tán-fọbẹ̀-bẹ̀-ẹ́. Abìdí-kún-pósí. Ìyá mi, a-sùn-lórí-àga-ó-lóun-ń-gbàdúrà."

Kì í ṣe oríkì gidi. Èébú ni. Síbẹ̀ orí mi wú. Ta ni wọ́n máa kì tí ara rẹ̀ á dákẹ́? Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó, mo fi ìkejì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó dé orí àdúrà tí mo ń sùn lé, ẹ̀rín dìde nínú mi. Ó wá ọ̀nà lókè, gèlè ti dí i. Ó yí padà, ó gba ìsàlẹ̀ jáde.

Pósí figbe ta. Ewúrẹ́ gbé imú kúrò, ṣùgbọ́n ó ti jẹ ẹ́ ná.

"Ẹ dúró," dàrẹ́kítọ̀ ní, kò lágbára àti pariwo mọ́. Ó fì sẹ́yìn, ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Òkú tó ń ṣe àmín, a gbọ́. Òkú tó ń só! Ta ni mo ṣẹ̀?"

"Màmá ò kú," ni ọmọ orí kọ́bọ́ọ̀dù wí. Ó ti sọ̀kalẹ̀ dé àárín kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń nu iyọ̀ kúrò lẹ́nu, ó ń tún irun rẹ̀ ṣe.

Fadérera bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí pósí. Mo rò pé ó máa pariwo, torí ọmọ náà lóhùn. Kò pariwo.

"Ìyá àgbà," ó ní, "nígbà tí ẹ wà láyé, ẹ kọ̀ fún mi. Ẹ kú tán, ẹ tún ń kọ̀ fún mi."

Ó dìde, ó lọ dojú kọ ògiri.

Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Mo yọ gèlè lẹ́nu. Mo pe Bàbá Dọ̀tun, ó wá, ó jókòó sí etí pósí bí ó ṣe máa ń jókòó sí etí ibùsùn bí ó bá fẹ́ bọ́ bàtà.

"Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?" mo bi í.

"Ṣe kí ni?"

"Dídákẹ́."

Ó fi pẹ́ńsùlù họ orí. Èérún pákó bọ́ sí mi lójú. "Kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀," ó ní. "O kàn máa jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ wọn tán ni."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló nira. Lọ́jọ́ tí mo kú, o pè mí títí ohùn fi há ọ. Mo gbọ́."

Mo la ẹnu láti fèsì. Ó gbé ìka kan lé mi létè. Òórùn pákó tútù ló wà lára rẹ̀.

Nígbà tó kan ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo wa wà nínú báàlùwẹ̀. Ibẹ̀ kéré, a kún un. Pósí wà láàárín àwọn korobá omi, ewúrẹ́ dúró nínú ọpọ́n ìwẹ̀ mi, àga dàrẹ́kítọ̀ há sára ògiri. Ẹnìkan ń gbá ilẹ̀kùn láti ìta. "Jáde ńbẹ̀! Tíátà ò ní pa ọ́! Ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí!"

"Ta ni aláìníwà yẹn?" dàrẹ́kítọ̀ bèèrè.

Ohùn mi ni. Mi ò sọ fún un.

Fadérera kò gbàdúrà, kò sì kì mí. Ó jókòó sórí korobá tó máa ń jókòó lé, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọwọ́.

"Ìyá àgbà, ẹ máa ń bi mí pé ta ló kọ́ mi ní ìràńrán yìí," ó ní. "Ní Kérésì, ẹ pa ewúrẹ́ tí ẹ fi ìgò wàrà tọ́ dàgbà. Ẹ pa á tán, ẹ lọ sẹ́yìn ilé, ẹ sunkún títí èjìká yín ń mì. Mo wà lójú fèrèsé báàlùwẹ̀, mò ń wò yín. Ẹ wá fi etí aṣọ nu ojú, ẹ wọlé, ẹ bú sẹ́rìn-ín, ẹ ní èéfín ni. Gbogbo ilé gbà yín gbọ́. Bàbá mi gan-an gbà yín gbọ́. Ìyá àgbà, látọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa ṣe é tó yẹn."

Ewúrẹ́ ti gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Kò jẹ ẹ́, kò gbé e mì. Omi kún ojú rẹ̀ kan ṣoṣo, ó ń wò mí.

Ó wù mí kí n sọ fún un pé èéfín ni. Mi ò sọ ọ́.

Eṣinṣin bà lé mi nímú. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó jókòó, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni fẹ́ jẹun. Mi ò lé e. Fadérera ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ibi tí mo lọ tù mí lára. Àmín dé ọ̀nà ọ̀fun mi bí iṣu gbígbóná. Mo gbé e mì, ó sì jó mi títí ó fi délẹ̀ ikùn.

Pósí náà dákẹ́. Ẹni tó ń gbá ilẹ̀kùn dákẹ́. Bọ́ọ̀sì àwọn onífíìmù tó wá gbé Fadérera fọn fèrè lójú títì, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì.

Fadérera dìde lórí korobá, ó wá kúnlẹ̀. Bí ó ṣe kúnlẹ̀ lọ́jọ́ tó mú lẹ́tà wá náà ló ṣe kúnlẹ̀, ọwọ́ lẹ́yìn, orí ní ìtẹ̀ba. Mi ò mọ̀ bóyá èyí wà nínú eré. Mo fi ojú tí mi ò dì tán wo dàrẹ́kítọ̀, kò wí pé ẹ dúró. Bàbá Dọ̀tun gbé ìdérí pósí dání. Lọ ire, bọ̀ ire ti wà lórí ahọ́n mi, ó wúwo bí òkúta ààrò.

Ọmọ náà gbé etí rẹ̀ súnmọ́ ẹnu mi.

"Ìyá àgbà," ó ní, "wọ́n ti dé o. Ṣé kí n máa lọ?"