Òkúta Torcuil

Ìyá mi fárígá, ó ní a ò ní fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn.

"Tí Torcuil bá dé ńkọ́?"

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí òkun ti gbé Torcuil ẹ̀gbọ́n mi lọ, a ò sì rí òkú rẹ̀. Ọkọ̀ aago mẹ́rin ló máa gbé Màmá kúrò ní erékùṣù wa lọ́jọ́ náà. Orúnkún rẹ̀ ò gbé e mọ́, ọ̀dọ̀ mi ní ìlú ló ń bọ̀, kò sì ní padà mọ́.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ká tó lọ, ẹ jẹ́ ká dé orí òkè."

Orí òkè ni òkìtì òkúta wà, níbi tí àwọn ará àtijọ́ tí a ò mọ orúkọ wọn tẹ́ òkú wọn sí. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì la ń sin tiwa sí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kú, ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé òkúta kan láti etí òkun lọ sórí òkìtì yẹn. Ti bàbá mi wà níbẹ̀. Ní ti Torcuil, Màmá ní ẹni tó bá dán an wò á rí pupa ojú òun, pé ọmọ òun ò kú. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi, kí n má purọ́! Tí Màmá bá ré òkun kọjá láìgbé òkúta yẹn, ó parí nìyẹn. Èmi náà ò kúkú mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún: ọdún kejì tí Torcuil lọ, mo ti yọ́ gbé òkúta kékeré kan síbẹ̀.

Bí a ṣe ń gun òkè, atẹ́gùn ń gbá wa sọ́tùn-ún sósì. Mo di Màmá lápá mú.

"Ẹ rọra."

"Àbí ìwọ lo bí mi ni?"

Nígbà tí a débẹ̀, ó fọwọ́ kan òkúta bàbá mi, ó ní, "Ruaraidh, mò ń lọ o." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. "Peigi, èwo ni ti Torcuil?"

"Màmá, mi ò..."

"Má purọ́ fún mi. Èwo ni?"

Mo fi hàn án. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, kò ju ẹyin adìyẹ lọ.

"Háà! Eléyìí? Torcuil tó ń jẹ ọ̀dùnkún mẹ́jọ kó tó bèèrè ẹja? Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́!"

Ẹ̀rín pa mí, àfi bí ẹ̀rín ṣe di ẹkún.

Ó rán mi padà sí etí òkun. Mo ṣa òkúta dúdú ńlá kan, mo gbé e mọ́ ikùn bí aboyún gun òkè. Lachlann tó ń wa ọkọ̀ aago mẹ́rin ti ń fun fèrè nísàlẹ̀.

"Kó máa fun ún," ni Màmá wí.

Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún yẹn, ó ní kí n gbé òkúta náà lé òun lọ́wọ́, ó sì fi í ti òkúta bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Sùn, ọmọ mi," ló wí. Ó wá ké. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá túfọ̀ fún un, mi ò gbọ́ ẹkún lẹ́nu ìyá mi rí.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo dorí kọ èbúté. Ó fà mí lọ́wọ́ padà, ilé la yà sí. Ó na ọwọ́ sókè ẹnu ọ̀nà, ó mú kọ́kọ́rọ́ tó ti dógùn-ún, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí i títí ilẹ̀kùn fi tì.

Ó ní, "Ó yá, jẹ́ ká máa lọ."